Òróró Tí Ó Korò: Bí A Ṣe Mọ Iṣẹ́ Tí Èso Ólífì Ń Ṣe Nínú Ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1958, Ancel Keys, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dáwọ́ lé ìwádìí ńlá kan lórí oúnjẹ àti àrùn ọkàn ní orílẹ̀-èdè 7. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n rí i pé àwọn ọkùnrin erékùṣù Kírétè ní ilẹ̀ Gíríìsì, tí í fi òróró ólífì se oúnjẹ, tí í dà á sórí ẹ̀fọ́, tí í fi í jẹ búrẹ́dì, ni àrùn náà ń pa kéré jù lọ, nígbà tí ó ń pa àwọn ará Finland, tí í jẹ bọ́tà lọ́pọ̀lọpọ̀, bí ẹni ń pa ẹran.

Keys gbà pé irú ọ̀rá tí ó wà nínú òróró náà ni kò jẹ́ kí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù ga lára wọn. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ólífì, igi afòkúta-ṣelé tí ẹ̀ẹ̀rùn kò lè pa, a máa so èso kíkorò, òróró tí a bá sì fún lára èso náà láìfi kẹ́míkà sí i a máa ta ni lọ́fun. Pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù, èròjà tí igi fi ń dáàbò bo ara rẹ̀, ni ó ń fa ìkorò yìí.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ iṣẹ́ ọ̀rá yàtọ̀ sí iṣẹ́ ìkorò? Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà. María-Isabel Covas, olùwádìí ní ìlú Barcelona, àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní orílẹ̀-èdè 5 ní Yúróòpù kó ọkùnrin 200 tí ara wọn le jọ. Wọ́n ń fún wọn ní mìlílítà 25 òróró lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 3, wọ́n á dáwọ́ dúró fún ọ̀sẹ̀ 2, wọ́n á sì pààrọ̀ òróró náà, títí olúkúlùkù fi mu irú òróró 3 tí ọ̀rá wọn jọra, ṣùgbọ́n tí pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù inú wọn kò dọ́gba. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2006 fi hàn pé bí pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù ti pọ̀ tó ni HDL, èyí tí ń kó ọ̀rá kúrò lára iṣan ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ẹ̀dọ̀, fi gòkè díẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà sì ni èyí tí ó ti bàjẹ́ nínú LDL, tí ń gbé ọ̀rá káàkiri inú ẹ̀jẹ̀, ń dínkù. Nítorí bí epo tí a ṣí sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ ti í bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni LDL í bàjẹ́ nínú ara, èyí tí ó sì bàjẹ́ yìí ni í lẹ̀ mọ́ iṣan ẹ̀jẹ̀, tí í sì dí i.

Ní ọdún 2011, àjọ tí ń mójú tó ààbò oúnjẹ ní Yúróòpù gbà pé pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù ólífì ń dáàbò bo LDL kí ó má bàa bàjẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní ẹ̀rí ti HDL kò tíì tó. Òfin ọdún 2012 sì fàyè gba àwọn olùtajà láti kọ ọ̀rọ̀ ààbò yìí sára ìgò, bí gíráàmù 20 òróró wọn bá ní, ó kéré tán, mìlígíráàmù 5 hydroxytyrosol, ọ̀kan lára pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù ólífì, àti àwọn èròjà tí ó bá a tan.

Adùn ní í gbẹ̀yìn ewúro, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe jẹ́ kí ìròyìn ayọ̀ yìí mú ẹnikẹ́ni ju oògùn tí dókítà fún un nù, nítorí díẹ̀ ni ìyàtọ̀ tí òróró yìí mú wá. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a, kí ó fi í rọ́pò bọ́tà, kí ó má fi í kún un. Kí ó sì ra èyí tí ó korò, nítorí ẹ̀rọ tí ń fọ òróró mọ́ a máa fọ pọ́lífẹ́nọ́ọ̀lù lọ, ẹni tí ó bá sì ra irú èyí, ọ̀rá nìkan ni ó rà.