Ẹ Jẹ́ Kí A Máa Bá Ara Wa Yẹ Òwò Wa Wò

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Woolwich, Thamesmead, Plumstead àti Abbey Wood, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lójú ewé yìí dá lórí ohun kan tí kì í náni ní kọ́bọ̀, tó sì lè gba òwò là: kí oníṣòwò kan wo òwò ẹnì kejì rẹ̀ dáadáa, kí ó sì sọ ohun tó rí fún un láìtàn án.

Àwa tí a ń báni ṣe ìṣirò owó mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń rí. Ọmọ wa kan yóò ṣí ṣọ́ọ̀bù, tàbí kí ó máa se oúnjẹ òde láti ilé, tàbí kí ó máa rán aṣọ, kí ó máa dirun, kí ó máa bá wa kó ẹrù lọ sílé. Lọ́jọ́ tó bá ṣí i, gbogbo wa yóò péjú. A ó jẹ, a ó mu, a ó gbàdúrà, a ó sọ pé, "Ẹ kú oríire, ó dára gan-an." Tí a bá délé tán, a ó wá máa sọ láàárín ara wa pé ọjà rẹ̀ wọ́n, pé kì í gbé fóònù, pé aṣọ tó yẹ kó jáde lọ́jọ́ Ẹtì, ọ̀sán Sátidé ló ń jáde, nígbà tí òde ti bẹ̀rẹ̀. Gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, àfi ẹni tó ni òwò. Ọjọ́ tí òun náà yóò fi gbọ́, kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù ti padà sọ́wọ́ onílé.

Ìkórìíra kọ́ ló ń fà á. Ojú ń tì wá ni, ẹ̀rù sì ń bà wá kí wọ́n má baà pè é ní ìlara. Ẹni tó kéré kò fẹ́ sọ ohun tí yóò dun àgbà. Àgbà náà kò fẹ́ kí wọ́n ní òun ń bú ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Wọ́n tún ní ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Òwe kìíní rán àgbà níṣẹ́ pé kí ó sọ̀rọ̀. Èkejì rán àgbà kan náà níṣẹ́ pé kí ó gbọ́ tẹni ẹlẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láti ọjọ́ 24 oṣù karùn-ún 2022 tí ọkọ̀ ojú irin Elizabeth ti ń dúró ní Woolwich àti Abbey Wood, àwọn tí kò mọ̀ wá rí ń kọjá níwájú ìsọ̀ wa. Ọmọ ìlú ẹni lè ráhùn kí ó tún padà wá. Àlejò kì í ráhùn. Ó kàn máa ń lọ ra tirẹ̀ níbòmíràn ni.

ÀÁRÓ NI

Ẹ̀yin tí ẹ gbé oko rí ẹ ó rántí àáró. Àgbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún yóò para pọ̀. Lónìí, gbogbo wọn yóò lọ kọ ebè lóko ẹni kìíní. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, ó kan oko ẹnì kejì. Kò sí owó níbẹ̀, iṣẹ́ ni wọ́n fi ń san iṣẹ́. Ohun tó mú àáró dúró ni pé yóò kan olúkúlùkù, àti pé ẹni tí kò bá wá sí oko ẹlòmíràn kò ní rí ẹni wá sí tirẹ̀. Àáró náà ni ohun tí a ń sọ yìí. Ojú àti ọ̀rọ̀ ẹnu ni a ó kàn fi rọ́pò ọkọ́.

Àwọn ará Woolwich pàápàá ti ṣe ohun tó fara jọ ọ́. Bí ẹ bá ń gba Powis Street kọjá, ẹ ó rí ilé ńlá kan tí wọ́n kọ́ ní 1903, tí ère ọkùnrin kan wà lókè ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Alexander McLeod ni. Ní 1868, òun àti àwọn òṣìṣẹ́ mélòó kan ní ilé iṣẹ́ ohun ìjà Royal Arsenal dáwó jọ kí wọ́n lè máa ra oúnjẹ lọ́pọ̀, kí wọ́n sì máa tà á fún ara wọn. Ní 1872 wọ́n sọ ẹgbẹ́ náà ní Royal Arsenal Co-operative Society. Ohun tí a ń pè ní ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nílé gan-an nìyẹn. Ọ̀nà tí àwọn èèyàn 28 kan là sílẹ̀ ní ìlú Rochdale ní 1844 ni wọ́n tọ̀. Ní ọ̀nà yẹn, ìwé owó kì í ṣe àṣírí olórí: wọ́n á gbé e kalẹ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́, ọmọ ẹgbẹ́ sì lè béèrè ohun tó bá rú u lójú. Ìbò kan ṣoṣo ni olówó ní, ìbò kan ṣoṣo ni tálákà náà ní. Ẹgbẹ́ Woolwich yìí tan ká gúúsù London, ó sì dá dúró títí di 1985 kí ó tó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ńlá tí wọ́n ń pè ní CWS. A kò sọ pé ìbéèrè ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló gbé e débẹ̀. A ń sọ pé òwò tí ojú púpọ̀ ń yẹ̀ wò kì í tètè ṣìnà.

OHUN TÍ ÀWỌN OLÙWÁDÌÍ RÍ

Ẹni tó bá rò pé àlàyé lásán ni èyí, kí ó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Nanchang ní Ṣáínà. Jing Cai àti Adam Szeidl mú ilé iṣẹ́ 2,820 tí kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀. Wọ́n pín àwọn kan sí ẹgbẹ́ kéékèèké kí àwọn ọ̀gá wọn máa pàdé lóṣooṣù fún ọdún kan. Wọ́n fi àwọn yòókù sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà. Nínú àbájáde tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, owó tó ń wọlé fún àwọn tó ń pàdé fi ìdá 8.1 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i ju ti àwọn tí kò pàdé. Èrè náà pọ̀ sí i, àǹfààní rẹ̀ sì wà síbẹ̀ lọ́dún kan lẹ́yìn tí ìpàdé parí. Wọ́n rí ohun méjì mìíràn tó kàn wá: àwọn tó bá oníṣòwò tó dáńgájíá pàdé ló dàgbà jù, àwọn èèyàn sì ń la àṣírí òwò fún ara wọn jù lọ nígbà tí wọn kì í bá ṣe orogún lórí ọjà kan náà.

Ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀rọ̀ kọ́ ni ń túnni ṣe. Ní 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lórí bí sísọ fún èèyàn nípa iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń ràn án lọ́wọ́. Lápapọ̀, ó ń ṣèrànwọ́. Síbẹ̀, ní ohun tó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni iṣẹ́ ẹni náà burú sí i. Àlàyé wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ bá ti kúrò lórí iṣẹ́ tó wá dórí irú ẹni tí èèyàn jẹ́, agbára rẹ̀ ń dín kù. Bí ẹ bá sọ pé, "Ọ̀lẹ ni yín," ẹ ti fa ìjà. Bí ẹ bá sọ pé, "Mo pè yín ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ́jọ́ Tuesday, ẹ kò gbé e, mo sì lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn," ẹ ti fún un lóhun tó lè tún ṣe.

BÍ Ẹ Ó ṢE ṢE É

Èkíní, ẹ má pọ̀ jù. Ẹni mẹ́fà sí mẹ́jọ tó, kí ó lè tètè kan olúkúlùkù.

Èkejì, ẹ má fi oníṣòwò irú kan náà méjì sínú ẹgbẹ́ kan. Kí alásè wà níbẹ̀, kí aránṣọ wà, kí onídìrí wà, kí ẹni tó ń kó ẹrù wà. Ẹ wá ẹnì kan mọ́ ọn tí òwò tirẹ̀ ti pẹ́ ju ti yín lọ.

Ẹ̀kẹta, kí ọ̀sẹ̀ ìpàdé tó pé, kí àwọn yòókù ti lọ bí oníbàárà. Kí wọ́n dúró lódìkejì títì kí wọ́n wò bóyá pátákó ṣeé kà. Kí wọ́n pe fóònù. Kí wọ́n ra nǹkan, kí wọ́n wò bóyá wọn yóò rí rìsíìtì gbà.

Ẹ̀kẹrin, kí ẹni tó kàn mú ìwé kan wá: owó tó wọlé àti èyí tó jáde fún oṣù mẹ́ta, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta tó fẹ́ kí wọ́n bá òun dáhùn.

Ẹ̀karùn-ún, kí olúkúlùkù sọ ohun kan tó dára àti ìdí tó fi dára, kí ó sì sọ ohun kan tó yẹ kí ó yí padà àti bí yóò ṣe yí i. Kí onílé má fèsì títí gbogbo wọn yóò fi sọ tán. Kíkọ ni kí ó máa kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò mú méjì tí òun yóò ṣe. Ìbéèrè àkọ́kọ́ ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e ni pé, "Ẹ ṣe é?"

Ẹ má fojú kékeré wo ohun tó dára tí a ní kí ẹ sọ. "Ẹ kú iṣẹ́" ń mú inú dùn, kò kọ́ni ní nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá sọ pé, "Ẹ̀fọ́ rírò yín ni mo fi ń gba àlejò, torí pé adùn rẹ̀ kì í yí padà," ẹni náà ti mọ ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn láéláé. Ìṣírí tòótọ́ nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ kan hàn yín. Ká ní alásè kan ń ta kúlà ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù kan ní £80. Èlò ọbẹ̀ àti ìrẹsì gba £44, gáàsì gba £6, ọkọ̀ gba £7, ohun ìdì gba £3. Ó ku £20, inú rẹ̀ sì dùn. Ẹnì kan béèrè pé wákàtí mélòó ni? Láti ọjà dé ìgbà tó gbé e lọ, wákàtí mẹ́jọ. Á jẹ́ pé £2.50 ló ń gbà fún wákàtí kan, bẹ́ẹ̀ £12.21 ni owó tó kéré jù tí ìjọba fi lélẹ̀ fún òṣìṣẹ́ tó ti pé ọdún 21 ní oṣù kẹrin 2025. Aránṣọ tó jókòó níbẹ̀ wá sọ pé, "Àǹtí, ẹ má bínú o. Bí èmi bá gba aṣọ ẹbí, mi ò kí ń gé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Ṣé ẹ kò lè ní ọjọ́ kan tí ẹ ó máa se ti èèyàn mẹ́ta pọ̀?" Wọ́n ṣírò rẹ̀: kúlà mẹ́ta jẹ́ £240; èlò £132, gáàsì £12, ọkọ̀ £7 ní ìrìn kan, ohun ìdì £9. Ó ku £80 fún wákàtí mẹ́wàá, ìyẹn £8 fún wákàtí kan. Ó ṣì kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là, kò sì tíì fi kọ́bọ̀ lé owó ọjà. Aránṣọ kò mọ jọ̀lọ́ọ̀fù sè tó alásè. Ojú iṣẹ́ tirẹ̀ ló fi wò ó.

Ìwé tí ẹ mú wá sí ìpàdé yìí yóò tún wúlò fún owó orí. Ẹni tí òwò rẹ̀ bá mú ju £1,000 wọlé lọ́dún owó orí kan gbọ́dọ̀ fi tó ilé iṣẹ́ owó orí létí, ó sì níláti pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ mọ́ fún ọdún márùn-ún lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kìíní tí wọ́n ń fi ìwé ọdún náà ránṣẹ́. Ẹni tó bá ń se oúnjẹ tà gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ káńsù ní ọjọ́ 28 kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin ará Thamesmead, ẹ yẹ àdírẹ́sì yín wò dáadáa, torí pé apá kan ìlú náà wà lábẹ́ Greenwich, apá kejì wà lábẹ́ Bexley.

IBI TÍ ÒFIN TI NÍ KÍ A DÚRÓ

Àáró yìí ní ààlà. Bí ẹ bá jókòó, ẹ kò gbọdọ̀ fẹnu kò pé iye báyìí ni gbogbo wa yóò máa ta ọjà. Òfin Competition Act 1998 kọ̀ ọ́, kíkéré òwò kò sì lè gba ẹni tó bá ṣe é sílẹ̀. Ìdí mìíràn nìyí tí kò fi yẹ kí orogún ọjà méjì wà nínú ẹgbẹ́ kan.

Ẹ má sì máa kọ ìyìn èké sórí Google fún ara yín, pé "Ìwọ kọ tèmi, èmi náà á kọ tìrẹ" nígbà tí ẹ kò ra nǹkan kan. Láti ọjọ́ 6 oṣù kẹrin 2025, òfin tuntun tí wọ́n ṣe ní 2024 ti ka irú èyí léèwọ̀ kedere, ìtanràn sì wà lórí rẹ̀. Lójú tiwa, àdánù rẹ̀ ju ti ìtanràn lọ: ẹni tó ń ka ìyìn èké nípa ara rẹ̀ kò ní mọ ìgbà tí ọbẹ̀ rẹ̀ níyọ̀ jù.

Lákòótán, ohun tí ẹ bá gbọ́ nínú ìpàdé, kí ó má ṣe dé òde àríyá. Ẹni tó bá gbé ìṣirò owó ẹnì kejì rẹ̀ káàkiri, ẹ má pè é mọ́. Ẹ má sì sọ ọ́ di ibi tí a ti ń yá owó. Àjọ ní ààyè tirẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa, kí ìpàdé ẹgbẹ́ tó ń bọ̀ tó dé, kí oníṣòwò kọ̀ọ̀kan wá ẹni márùn-ún tí yóò fọkàn tán. Ẹ mú ọjọ́ kan, ẹ pinnu òwò tí ẹ ó kọ́kọ́ wò, ẹ sì jẹ́ kí ó jẹ́ ti ẹni tó dàgbà jù láàárín yín. Bí àgbà bá ti gba òótọ́ láìbínú, ọmọdé kò ní rí àwáwí.

Ọjà yóò máa tà fún wa o. A kò ní ṣiṣẹ́ gbé. Àmín.