Rírẹ́ Igi Mòríńgà Kí Ewé Rẹ̀ Lè Dára

Ó yẹ kí gbogbo àgbẹ̀ Ẹdẹ àti agbègbè rẹ̀ tí ó ní mòríńgà, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní zogale, mọ̀ pé igi tí a kò rẹ́ kì í pẹ́ tí kì í fi í di igi tí ewé rẹ̀ kò ṣe é jẹ. Bí a bá fi í sílẹ̀, a máa ga tó ẹsẹ̀ bàtà 30, gbogbo ewé rẹ̀ a sì wà ní ṣóńṣó orí, níbi tí ọwọ́ obìnrin tí ó fẹ́ se ọbẹ̀ kò lè dé.

Ẹni tí ó ní ewúro lẹ́yìn ilé mọ ohun tí à ń wí. Bí a bá gé ewúro, ọ̀mùnú tí ó tún yọ a máa rọ̀ ju ti ìṣáájú lọ. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni mòríńgà. Ojú tí ó wà ní ṣóńṣó ẹ̀ka dà bí baálé tí kì í jẹ́ kí àwọn ojú ìsàlẹ̀ rú. Nígbà tí a bá gé e kúrò, àwọn ojú tí ń sùn a jí, oúnjẹ tí igi ti kó pamọ́ sí gbòǹgbò ni a sì fi ń bọ́ wọn. Ewé tuntun náà ní èròjà amúaradàgbà púpọ̀. Bí ó bá ti ń gbó ni fọ́nrán inú rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí ó sì ń yi, tí ọmọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú kò lè gbé e mì.

Nígbà tí ọ̀gbìn bá ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2, kí a fi èékánná já ṣóńṣó rẹ̀ ní ìwọ̀n ínṣì 4. Bí ẹ̀ka ẹ̀gbẹ́ bá gùn tó ínṣì 8, kí a gé e padà sí ìdajì. Igi tí ó ti gbó ni kí a gé ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà 3 sí ilẹ̀, kí ojú ọgbẹ́ dagun, kí omi òjò má baà dúró síbẹ̀. Àdá tí kò mú a máa fa èèpo ya. Ẹni tí kò tíì pọ́n àdá rẹ̀ kò tíì ṣe tán láti rẹ́ igi.

Ní ìgbà òjò, kí a fi ọ̀sẹ̀ 5 sí 8 sílẹ̀ láàrin ìkórè kan àti èkejì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣì í. Ẹni tí ń gé e lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kò fún gbòǹgbò ní àyè láti tún kó oúnjẹ jọ. Ẹ̀ka a di tín-ín-rín, kùkùté a sì kú níkẹyìn. Gbogbo ewé tí a kó lọ ń gbé ọ̀rá ilẹ̀ lọ pẹ̀lú, nítorí náà kí a máa fi ìgbẹ́ ewúrẹ́ tàbí ti adìyẹ tí ó ti jẹrà sí ìdí rẹ̀.

Ẹni tí kò ní omi láti bu rin ín kò gbọ́dọ̀ gé e wálẹ̀ nígbà ọyẹ́. Kí ó dúró de òjò àkọ́rọ̀, ní nǹkan bí oṣù kẹta tàbí ìkẹrin. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ etí odò Ọ̀ṣun tí omi ń dúró sí kò yẹ fún un rárá, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ a máa jẹrà.

Ewé tí a ó gbẹ ni kí a já ní òwúrọ̀ lẹ́yìn tí ìrì bá ti gbẹ, kí a sì sá a sí abẹ́ òrùlé tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Oòrùn a máa ba fítámì A inú rẹ̀ jẹ́, a sì máa sọ ọ́ di àwọ̀ koríko gbígbẹ. Nígbà tí ó bá ń fọ́ wẹ́wẹ́ lọ́wọ́, ó tó gún nìyẹn.