Ṣé O Mọ̀? Òkú Ọmọ Dáráfù Ṣì Ń Dínà

Nínú dáráfù onílé 100, irú èyí tí wọ́n ń ta láti Èkó títí dé Kabba nílẹ̀ Òkun, ọmọ tí ọba ti fò tó sì ti jẹ ṣì lè dí ọba náà lọ́nà. Òfin FMJD, àjọ dáráfù àgbáyé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, ni pé a kì í kó òkú kúrò lójú pákó àfi bí ẹni tó ń jẹ bá jẹ tán. Ọba lè gba ilé tó ṣófo kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ fo ọmọ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Kò tilẹ̀ lè fo ọmọ tirẹ̀ rárá.

Níbi òkú tó ń dínà yìí ni ọgbọ́n tó dùn jù nínú dáráfù ti ń wá, lójú tèmi. Ọ̀tayò tó gbówọ́ á fi ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tan ọba ọ̀tá, ọba ò sì ní lè kọ̀, torí dandan ni jíjẹ. Á jẹ, á yà, á tún jẹ, títí yóò fi kan òkú tí òun fúnra rẹ̀ pa. Ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ọmọ lásán kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ á fò ó, á sì jẹ ẹ́.