Ìwé tó ń tọ́jú ìmọ̀ abẹ́ ilẹ̀ wa

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní omi kò lọ́tàá. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti fi owó ńlá gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, tí kò sì bá omi níbẹ̀, mọ̀ pé omi a máa fara pamọ́ fún ẹni tó ń wá a. Ní Òkè-Ìlá Ọ̀ràngún, olú ìlú Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́dayọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, òkè ló yí ìlú ká, omi sì ń dà wálẹ̀ láti orí àpáta ní Ayíkúnnugbá. Àlejò tó bá rí i lè rò pé ibi yòówù kí èèyàn gbẹ́ ládùúgbò náà, omi ni yóò bá. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀.

Ìdí ni pé ilẹ̀ Ìgbómìnà, gẹ́gẹ́ bíi ti Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì, wà lórí àpáta líle tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Àpáta tí kò sán, tí kò sì jẹrà, kì í gba omi sára. Ibi méjì péré ni omi ti ń rí àyè dúró: inú ìpele tó ti jẹrà lórí àpáta, àti inú àpáta tó ti sán. Ìdí nìyí tí kànga kan fi lè lómi dáadáa, kí èyí tí kò jìnnà sí i sì gbẹ pátápátá nígbà ọ̀gbẹlẹ̀.

Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wádìí ọ̀rọ̀ yìí kò fi ìmọ̀ wọn pamọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí àtìgbàdégbà, èyí tí àwọn ọ̀mọ̀wé ń pè ní jọ́nà. Ọ̀kan pàtàkì nínú wọn ni Journal of Mining and Geology, ìwé ẹgbẹ́ àwọn awakùsà àti onímọ̀ ilẹ̀ ní Nàìjíríà, ìyẹn Nigerian Mining and Geosciences Society.

Ọdún 1961, ọdún kan lẹ́yìn òmìnira, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀. Ṣáájú àkókò yẹn, àwọn òyìnbó tó wà ní iléeṣẹ́ ìjọba tó ń wádìí ilẹ̀, èyí tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1919, ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí lọ́wọ́ jù. Nínú ìdìpọ̀ kìn-ín-ní ìwé ẹgbẹ́ náà, tó jáde lọ́dún 1964, ni Mosobalaje Oyawoye, ọmọ bíbí Ọ̀ffà, ti ṣàlàyé àpáta àtijọ́ tó wà lábẹ́ Nàìjíríà. Òun náà ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ilẹ̀. Títí di òní ni àwọn olùwádìí ṣì ń tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ yìí.

Ìwé bẹ́ẹ̀ ti wà lókè òkun tipẹ́. Lọ́dún 1896 ni Louis Bauer dá ọ̀kan sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, tó dá lórí agbára òòfà tó wà nínú ayé nìkan. Nígbà tó di 1949, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú, wọ́n sì sọ ọ́ ní Journal of Geophysical Research. Ní 1936, àwọn tó ń fi ẹ̀rọ wá epo rọ̀bì náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn, tí wọ́n pè ní Geophysics. Tiwa bẹ̀rẹ̀ lórí ìwakùsà àti àpáta, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ilẹ̀ àti físíìsì ilẹ̀ ti di apá tó lágbára nínú rẹ̀.

Ohun tó yà á sọ́tọ̀ sí ìwé ìròyìn ni àyẹ̀wò. Bí ẹnì kan bá kọ ìwádìí ránṣẹ́, olóòtú yóò fún àwọn onímọ̀ mìíràn kà. Wọn yóò yẹ ìṣirò rẹ̀ wò, wọ́n lè ní kó tún un ṣe, wọ́n sì lè kọ̀ ọ́. Èyí kò ní kí àṣìṣe má wọ ibẹ̀, ṣùgbọ́n òǹkọ̀wé gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe ṣe é, kí ẹlòmíràn lè lọ dán an wò.

Físíìsì ilẹ̀ ni ọgbọ́n tí a fi ń mọ ohun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ láìtíì gbẹ́ ẹ. Fún omi, irin mẹ́rin ni wọ́n máa ń gún mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan. Wọ́n á gba inú méjì tó wà lẹ́yìn rán iná mànàmáná sínú ilẹ̀, wọ́n á sì fi méjì tó wà láàárín wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ṣe ń sún irin ẹ̀yìn jìnnà síra ni iná ń jìn sí i. Ìpele tó jẹrà tó sì mu omi máa ń jẹ́ kí iná kọjá ju àpáta gbígbẹ lọ. Ṣùgbọ́n amọ̀ náà ń jẹ́ kí iná kọjá, bẹ́ẹ̀ ni amọ̀ kì í tú omi sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Ẹni tí kò gbọ́n tó lè pe amọ̀ ní omi.

Lọ́dún 1992, Abel Idowu Olayinka, tó di Ọ̀gá Àgbà Yunifásítì Ìbàdàn láàárín 2015 sí 2020, àti Martins Olorunfemi ti Yunifásítì Ifẹ̀ gbé irú iṣẹ́ yìí jáde nínú ìwé náà. Agbègbè Òkènè ni wọ́n ti ṣe é, lórí àpáta líle bíi tiwa, ibi tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga sí ni wọ́n sì ń wá. Kì í ṣe omi nìkan ni ìmọ̀ yìí wà fún. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù lọ́jọ́ 28 oṣù Keje ọdún 1984, Ọ̀jọ̀gbọ́n Deborah Ajakaiye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣàlàyé rẹ̀ lọ́dún 1987 nínú Journal of Geodynamics, tí wọ́n ń tẹ̀ lókè òkun.

Ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀ ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé wọ̀nyí, ọwọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé ni wọ́n sì wà. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà àti gaàrí kó tó rówó gbẹ́ kànga kò ní rí wọn kà. Èyí tó tún burú ni pé kànga tó bá gbẹ kì í sábà wọ inú àkọsílẹ̀ kankan. Wọ́n á bò ó mọ́lẹ̀, awakànga á ká ẹ̀rọ rẹ̀ lọ. Bó bá di ọjọ́ mìíràn, ẹlòmíràn á tún wá gbẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ìyá tàbí bàbá tó fẹ́ gbẹ́ kànga, àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ ṣe é fún aráàlú, ẹ bi awakànga ní ìbéèrè mẹ́ta kí ẹ tó sanwó. Ta ló wọn ilẹ̀ náà, níbo ló sì ti kẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀? Báwo ló ṣe mọ̀ pé omi ló rí, tí kì í ṣe amọ̀? Ǹjẹ́ yóò fún yín ní àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ̀rọ bá pàdé láti òkè dé ìsàlẹ̀? Ẹ fi àkọsílẹ̀ náà pamọ́ sí ààfin tàbí sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ìbáà lómi, ìbáà gbẹ. Ilẹ̀ tí Oyawoye kọ̀wé lé lórí ní 1964 la ṣì ń tẹ̀ lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ gbẹ́ ẹ kò gbọ́dọ̀ máa bẹ̀rẹ̀ láti orí àìmọ̀.