Ṣé O Mọ̀? Àwọn Ẹyẹ Tó Ń Gba Falsterbo Bọ̀ Lọ́dọ̀ Wa

Ṣé o mọ̀ pé àṣá tí wọ́n rí lójú ọ̀run Sweden ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà lè ti wà nínú igbó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kí oṣù Ọ̀kítóbà tó parí?

Ṣé o mọ Falsterbo? Ilẹ̀ ṣóńṣó kan ni, ní ìkángun gúúsù ìwọ̀-oòrùn Sweden. Ẹyẹ tó ń sá fún òtútù àríwá kì í fẹ́ fi ilẹ̀ sílẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi tán mọ́ ọn lábẹ́. Falsterbo ni ilẹ̀ ti tán. Òkun ló kù níwájú, Denmark sì wà lódìkejì, ní nǹkan bíi kìlómítà 25.

Ṣé o mọ̀ pé láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń ka ẹyẹ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ní gbogbo ìgbà tí ewé bá ń wọ́? Ìdájí ni àwọn tó ń kà á ti máa ń dúró sí etí omi ní Nabben, ní ṣóńṣó ilẹ̀ náà. Àwọn ẹyẹ kéékèèké ló ń ṣíwájú, ọ̀wọ́ lórí ọ̀wọ́, tí wọ́n ń ké sí ara wọn bí wọ́n ṣe ń fò. Bí oòrùn bá ti mú ilẹ̀ gbóná, ó kan àwọn àṣá. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ń ru sókè ni wọ́n ń dúró dè: àṣá á na apá, á máa yí po lójú kan láì ju apá rárá, títí yóò fi ga dé ibi tí ojú lásán kò ká a mọ́. Orí omi kò ní irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń wá ibi tí omi ti fún.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ tí atẹ́gùn bá rọra kọjú sí wọn ló dùn ún wò jù? Bó bá ń tì wọ́n lẹ́yìn, òkè réré ni wọ́n ń gbà, o kò ní rí nǹkan kan. Bó bá kọjú sí wọn, wọ́n á fò sílẹ̀sílẹ̀, ìwọ á sì gbọ́ ìró ìyẹ́ wọn lórí rẹ.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú wọn ni àṣá tí àwọn ará Sweden ń pè ní bivråk. Ìdin inú ilé agbọ́n ni oúnjẹ rẹ̀, ìyẹ́ ojú rẹ̀ sì le, ó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí agbọ́n kò fi rí i ta. Ṣé o mọ̀ pé àwọn olùṣèwádìí so ẹ̀rọ tó ń bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀ mọ́ díẹ̀ lára wọn? Àwọn àgbà gba Gibraltar, níbi tí òkun tó wà láàárín Sípéènì àti Mòrókò kò ju kìlómítà 14 lọ, wọ́n sì bọ́ sínú igbó ọ̀dọ̀ wa. Àwọn ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa lọ́dún náà kò mọ̀nà yẹn. Wọ́n dorí kọ gúúsù, wọ́n la Òkun Mẹditaréníà já níbi tó gbòòrò, wọ́n sì pẹ́ lọ́nà ju àwọn àgbà lọ. Ó ń dùn mí pé igbó tí wọ́n ń forí tì wá bá yìí là ń gé lulẹ̀ lójoojúmọ́.

Ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ẹyẹ kékeré ti ṣe tán láti rìn? Nínú ọgbà ilé gíga tí iná rẹ̀ ń tọ́ ọkọ̀ ojú omi sọ́nà ní Falsterbo, wọ́n ń ta àwọ̀n tínrín. Ẹni tó bá mú ẹyẹ á fi ìka méjì há ọrùn rẹ̀ jẹ́jẹ́, á wá fẹ́ ẹnu sí ìyẹ́ àyà rẹ̀. Ìyẹ́ á pínyà. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́ débi pé ọ̀rá abẹ́ rẹ̀ hàn kedere, ó pupa rúsúrúsú bíi pupa ẹyin adìẹ. Ọ̀rá yìí ló fi ń la aṣálẹ̀ Sàhárà kọjá. Àwọn mìíràn á sanra títí ìwúwo wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì.

Ṣé o mọ̀ pé lövsångare, bí àwọn ará Sweden ṣe ń pè é, ẹyẹ tí kò tó gíráàmù 10, ń dá rìn lóru, àní ọmọ tí kò rìn ín rí? Èyí tí wọ́n bí ní gúúsù Sweden ń bọ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èyí tí wọ́n bí ní àríwá ń lọ sí ìlà-oòrùn àti gúúsù. Wọ́n bí ọ̀nà mọ́ ọn ni.

Ta ló wá ń júwe ọ̀nà fún un nínú òkùnkùn? Ìràwọ̀ wà lára ohun tó ń júwe rẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1960 sí 1970, Stephen Emlen, olùṣèwádìí kan ní Amẹ́ríkà, kó ẹyẹ sábẹ́ òrùlé tí wọ́n fi iná ya ìràwọ̀ sí. Nígbà tí ó yí ìràwọ̀ náà padà, àwọn ẹyẹ yí ojú tẹ̀ lé e.

Ṣé o mọ̀ pé nígbà kan rí, àwọn kan nílẹ̀ Yúróòpù gbà pé inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ adágún ni alápàńdẹ̀dẹ̀ ń sùn sí nígbà òtútù? Lọ́dún 1822, wọ́n pa ẹyẹ àkọ̀ kan ní Klütz, ní Jámánì. Ọfà ilẹ̀ Áfíríkà gún un lọ́rùn gba ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó sì gbé e délé láàyè, ẹ̀rí pé Áfíríkà ni ẹyẹ ń lọ nígbà òtútù. Ẹyẹ náà ṣì wà ní Yunifásítì Rostock.

Ṣé o mọ̀ pé ní Boje, ní ìpínlẹ̀ Cross River, alápàńdẹ̀dẹ̀ tó ju mílíọ̀nù kan lọ ń sùn pọ̀ sórí òkè kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?

Ṣé o mọ̀ pé Hans Christian Mortensen, olùkọ́ kan ní Denmark, ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi òrùka onínọ́ńbà sẹ́sẹ̀ ẹyẹ lọ́dún 1899? Alápàńdẹ̀dẹ̀ kan gba òrùka ní England ní oṣù Karùn-ún ọdún 1911. Ní Dìsẹ́ńbà 1912, wọ́n rí i ní Natal, ní Gúúsù Áfíríkà. Nítorí náà, bí ẹyẹ tó wọ òrùka bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́, ka nọ́ńbà àti orúkọ ìlú tó wà lára òrùka náà, yà á ní fọ́tò, fi ránṣẹ́ sí àwọn tó so òrùka náà, kí o sì jẹ́ kó máa lọ.