Fífi Eré Kún Eré Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Bí onílù bá ṣe ń lù ni oníjó ń gbé ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ rí nínú kọ̀ǹpútà. Aago kékeré kan ń bẹ níbẹ̀ tí ń lu ìlù fún ọpọlọ ẹ̀rọ náà, èyí tí à ń pè ní prósẹ́sọ̀. Nínú Core i5-2500K tí ilé-iṣẹ́ Intel gbé jáde ní oṣù kìíní ọdún 2011, aago yìí ń lù ní ìgbà mílíọ̀nù 100 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Prósẹ́sọ̀ sì ń sọ lílù kọ̀ọ̀kan di 33, tí àpapọ̀ rẹ̀ fi jẹ́ mẹ́gàháàsì 3,300. Bí ẹni tí ó ni ín bá sọ 33 yẹn di 40, eré rẹ̀ di 4,000. Èyí ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní overclocking.

Kí ni ó kan ará Ìbàràpá nínú rẹ̀? Akẹ́kọ̀ọ́ pólì ní Èrúwà tàbí ti kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Ìgbò-Ọrà kì í sábà rí owó ra kọ̀ǹpútà tuntun. Tòkunbọ̀ ni ó ń rà, èyí tí ó ti ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá ní ọ́fíìsì òkè-òkun. Nígbà tí iṣẹ́ àwòrán ilé tàbí fídíò bá wá wọ ẹ̀rọ náà lọ́rùn, ó ń wù ú láti fi eré kún eré rẹ̀. Ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ wà nínú rẹ̀ ni ó sì fẹ́ fi dán an wò! Kí ó kọ́kọ́ da iṣẹ́ náà kọ sórí fílásì.

Ọ̀pọ̀ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ti tì pa láti ilé-iṣẹ́. Prósẹ́sọ̀ Intel tí kò ní lẹ́tà K tàbí X lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀ kì í sábà gbà kí a yí iye yẹn padà. Bí K tilẹ̀ wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì bíi Dell OptiPlex kì í sábà ní ojú ibi tí a ti lè yí i.

Ooru ni ọ̀tá tí ó tóbi jù. Iná tí prósẹ́sọ̀ ń jẹ ń pọ̀ sí i bí eré rẹ̀ ti ń pọ̀. Ṣùgbọ́n ní ti fólítì, a ní láti fi í sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Bí a bá fi ìdá 10 nínú 100 kún eré, tí a sì fi ìdá 10 kún fólítì, iná náà yóò lé ní nǹkan bí ìdá 33. Gbogbo rẹ̀ ni yóò di ooru. Ẹni tí ń dán ẹ̀rọ tirẹ̀ wò ní ìlú olótùútù lè wà nínú yàrá tí ó jẹ́ dígírì 20. Yàrá onípáànù ní Ìgbò-Ọrà lọ́sàn-án oṣù kẹta lè wọ 34. Dígírì 14 ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ Ìbàràpá kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, eruku ni kí a kọ́kọ́ lé, pàápàá lẹ́yìn ọyẹ́. Kí a yọ wáyà iná, kí a di abẹ́ fáànù mú kí ó má yí, kí a sì fẹ́ eruku jáde. Ìpara tí ó wà láàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tí ń gba ooru lára rẹ̀ yóò ti gbẹ. Kí a fi sípírítì nù ún kúrò, kí a sì fi tuntun tí kò ju hóró ẹ̀wà kan lọ síbẹ̀. Prósẹ́sọ̀ tí ó bá gbóná tó bí dígírì 100 a máa dín eré ara rẹ̀ kù. Ìmọ́tótó nìkan lè dá eré tí ó sọnù padà, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wá kiri láìmọ̀.

Lẹ́yìn èyí, bí ẹ̀rọ bá gbà, kí a fi ẹyọ kan kún 33 yẹn, kí a fi iṣẹ́ líle dán an wò fún wákàtí kan, kí a tó fi òmíràn kún un. Kí a má fọwọ́ kan fólítì. Bí ooru bá kọjá 85, kí a padà sẹ́yìn. Kí ẹnikẹ́ni má sì wo iye tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lò. Àwọn ará Ìgbò-Ọrà, ìlú ìbejì, kò nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí: ọjọ́ kan náà ni a bí Táíwò àti Kẹ́hìndé, síbẹ̀ ohun tí ọ̀kan lè rù lè wọ èkejì lọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ ni prósẹ́sọ̀ méjì tí ó jọ ara wọn rí.

Káàdì àwòrán rọrùn díẹ̀, nítorí orí sọ́fítíwíà bíi MSI Afterburner ni a ti ń ṣe é. Mẹ́gàháàsì 20 lẹ́ẹ̀kan ti tó. Bí àmì aláràbarà bá ń tàn lójú ìran, a ti kọjá ààlà. Kí a sì wo wọ́ọ̀tì tí a kọ sára àpótí tí ń pín iná nínú kọ̀ǹpútà: GTX 750 Ti ti ọdún 2014 ń jẹ bí 60, ṣùgbọ́n káàdì ńlá lè jẹ ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀.

Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò tàn mọ́ lẹ́yìn àyípadà prósẹ́sọ̀, kí a yọ ọ́ kúrò lára iná, kí a yọ bátìrì pẹlẹbẹ tí ó dàbí owó wẹ́wẹ́ nínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a sì dá a padà. Iye àtijọ́ ni yóò fi jí.