Kí ẹ tó ra mẹ́mọ́rì tuntun fún kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀, ẹ kọ́kọ́ mọ prógíráàmù tó ń jẹ èyí tó wà ńlẹ̀

Bí kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í falẹ̀, ọ̀rọ̀ kan wà tó sábà máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tó ń tún un ṣe: "Mẹ́mọ́rì ẹ̀ ti kéré, ẹ ra òmíràn sí i." Oníṣòwò á kówó sílẹ̀, wọ́n á ra mẹ́mọ́rì, wọ́n á fi sí i, kọ̀ǹpútà á sì sáré dáadáa fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ó tún lè di pé kéèyàn tẹ bọ́tìnnì kan kó máa dúró kó tó dáhùn. Òótọ́ ni pé nígbà mìíràn, mẹ́mọ́rì ló kéré. Àmọ́ ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé prógíráàmù kan ló ń jẹ ju bó ṣe yẹ lọ. Irú ẹ̀, bí wọ́n ra mẹ́mọ́rì ìlọ́po méjì fún un, yóò jẹ ẹ́ tán náà ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò kò mọ̀ ni pé kọ̀ǹpútà fúnra ẹ̀ ní àkọsílẹ̀ tó ń kọ gbogbo ohun tí prógíráàmù kọ̀ọ̀kan ń jẹ sí. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń kà á. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé oríṣiríṣi iye ló wà nínú àkọsílẹ̀ náà, ẹni tí kò bá sì mọ èyí tó yẹ kó wò lè dá aláìṣẹ̀ lẹ́bi, kó fi ẹni tó jẹ̀bi sílẹ̀.

Linux ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù. Linux, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1991 nígbà tó ń kàwé ní yunifásítì nílùú Helsinki, lórílẹ̀-èdè Finland, ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ sáfà tí wẹ́ẹ̀bùsáìtì àwọn ilé ìtajà wà lórí ẹ̀. Òun náà ló wà lábẹ́ Android, tó wà nínú fóònù ọ̀pọ̀ èèyàn àti nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ POS tí wọ́n fi ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù. Àárín gbùngbùn Linux ni wọ́n ń pè ní kernel. Ẹ kàn mú un bí alábòójútó ọjà: òun ló ń pín ààyè fún àwọn prógíráàmù, òun ló ń gbà á padà, òun náà ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Prógíráàmù tó bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè ní process, kernel sì máa ń fún process kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tiẹ̀.

Orí àtẹ àti inú sítọ̀

Mẹ́mọ́rì, ìyẹn RAM, dà bí àtẹ tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó bá wà lórí ẹ̀, ọwọ́ á tó o lójú ẹsẹ̀. Hard disk dà bí sítọ̀ tó wà lẹ́yìn ilé. Ó ń gba ọjà púpọ̀, àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mú nǹkan níbẹ̀ gbọ́dọ̀ rìn lọ, kó rìn bọ̀. Bí àtẹ bá ti fẹ́ kún, kernel á wo ọjà tí ẹnikẹ́ni kò béèrè láti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn, á sì kó o lọ sí apá kan tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ nínú disk. Apá yẹn ni wọ́n ń pè ní swap. Kì í kó process lódindi lọ. Ègé kéékèèké ni kernel máa ń gé mẹ́mọ́rì sí, lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ègé kan jẹ́ báìtì 4,096. Ó lè gbé díẹ̀ lára ègé process kan lọ sí swap, kó fi ìyókù sílẹ̀ lórí àtẹ.

Pé nǹkan wà nínú swap kò burú. Bí ọjà tí kò yá bá wà ní sítọ̀, àǹfààní ni fún èyí tó ń yá. Èyí tó burú ni kí ọjà kan náà máa lọ kó máa bọ̀ láàárín àtẹ àti sítọ̀ láìdúró. Ìgbà yẹn ni kọ̀ǹpútà máa ń falẹ̀ débi pé oníbàárà tó dúró síwájú káńtà á fi owó ẹ̀ sápò, á bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀.

Jẹnẹrétọ̀ kan, olówó márùn-ún

Bí èèyàn bá ṣí fáìlì tí kernel fi ń ṣe ìròyìn process kan, ìyẹn "status" tó wà lábẹ́ /proc, yóò rí VmSize níbẹ̀, yóò sì rí VmRSS. VmSize ni gbogbo ààyè tí process náà ti gba àṣẹ láti lò, yálà ó ti lò ó tàbí kò tíì lò ó. Ó dà bí ilẹ̀ tí wọ́n ti wọ̀n fún èèyàn, tí kò tíì kọ́lé sí i. Kí ẹnikẹ́ni má fi ìyẹn ṣe ìṣirò. VmRSS ló ń sọ ohun tó wà lórí àtẹ ní ti gidi.

Síbẹ̀, VmRSS náà ní ẹ̀tàn tiẹ̀. Ká sọ pé oníṣọ́ọ̀bù márùn-ún dáwó ra jẹnẹrétọ̀ kan ní 500,000 náírà. Wọ́n wá ní kí kálukú kọ ohun tó ní sílẹ̀, gbogbo wọn sì kọ "jẹnẹrétọ̀, 500,000." Ẹni tó bá ro ó pọ̀ á ní jẹnẹrétọ̀ 2,500,000 náírà ló wà níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, àmọ́ àròpọ̀ náà kì í ṣe òótọ́.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí nínú kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ process ló jọ máa ń lo ègé mẹ́mọ́rì kan náà, VmRSS sì máa ń ka ègé náà lódindi fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹ jẹ́ ká fi process márùn-ún ṣe àpẹẹrẹ. VmRSS ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ́ mẹ́gábáìtì 100, ṣùgbọ́n 60 nínú ẹ̀ ni gbogbo wọn jọ ń lò, 40 péré ni ti kálukú. Ẹni tó bá ro VmRSS pọ̀ á ní wọ́n ń jẹ 500. Irọ́ ni: 40 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 200, ẹ fi 60 tí wọ́n jọ ń lò kún un, ó di 260. Oníṣòwò tó bá gba 500 gbọ́ lè sáré lọ ra mẹ́mọ́rì tí kò nílò.

Ọ̀rọ̀ yìí ló mú kí àwọn tó ń ṣe Linux wá ọ̀nà mìíràn. Lọ́dún 2005, nínú Linux 2.6.14, wọ́n fi fáìlì kan tó ń jẹ́ smaps kún un, èyí tó ń tú mẹ́mọ́rì process kọ̀ọ̀kan palẹ̀. Lọ́dún 2008, nínú Linux 2.6.25, wọ́n fi iye kan tó ń jẹ́ Pss kún inú smaps. Pss máa ń pín ohun àjọlò dọ́gba fún gbogbo àwọn tó ń lò ó. Nínú àpẹẹrẹ òkè yẹn, process kọ̀ọ̀kan á ru 12 nínú 60 náà, á fi 40 tiẹ̀ kún un, yóò jẹ́ 52. Bí ẹ bá ro 52 pọ̀ lọ́nà márùn-ún, 260 náà lẹ máa bá. Àwọn tó ń ṣe áàpù fún Android pẹ̀lú máa ń fi Pss yẹ áàpù wọn wò.

Ta ló wà nínú swap?

Fún ọdún gbọọrọ, Linux máa ń sọ pé swap ti kún tó báyìí, àmọ́ kì í sọ ẹni tó kún un ní tààrà. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ní láti lọ tú smaps process kọ̀ọ̀kan wò, iṣẹ́ yẹn sì máa ń falẹ̀, torí pé kernel ní láti yẹ ègé mẹ́mọ́rì wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún 2010, Kamezawa Hiroyuki, ọmọ orílẹ̀-èdè Japan, mú kí kernel máa ka iye náà bó ṣe ń gbé ègé lọ tó sì ń gbé e bọ̀. Láti Linux 2.6.34 ni ìlà kan tó ń jẹ́ VmSwap ti wà nínú status process kọ̀ọ̀kan.

VmSwap náà kò rí gbogbo ẹ̀ o. Kì í ka mẹ́mọ́rì àjọlò kan báyìí, irú èyí tí dátábéèsì bíi PostgreSQL ń lò, bó bá bọ́ sínú swap. Nítorí náà, bí ẹ bá ro VmSwap gbogbo process pọ̀, tí kò tó iye tí kọ̀ǹpútà sọ pé ó wà nínú swap, kò túmọ̀ sí pé ẹnì kan ń jí mẹ́mọ́rì. Lọ́dún 2015, nínú Linux 4.3, wọ́n fi SwapPss kún smaps, tó ń pín swap àjọlò bí Pss ṣe ń pín RAM. Lọ́dún 2017, nínú Linux 4.14, fáìlì smaps_rollup dé, ó sì ń kó àròpọ̀ process kan síbì kan kí ìṣirò lè yá.

Bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò

Ẹni tó ń bójú tó kọ̀ǹpútà yín lè ṣe gbogbo èyí láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ sì lè dúró tì í.

Kó kọ́kọ́ tẹ free -h. Kí ẹ má wo ibi tí wọ́n kọ "free" sí, torí Linux máa ń fi mẹ́mọ́rì tó ṣófo tọ́jú fáìlì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà, ó sì lè gbà á padà nígbàkígbà. "Available" ni kí ẹ wò, iye tí kernel fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣírò lọ́dún 2014. Bíyẹn bá ṣì pọ̀, mẹ́mọ́rì kọ́ ni ìṣòro yín.

Lẹ́yìn náà, kó tẹ vmstat 1 lákòókò tí kọ̀ǹpútà ń falẹ̀ gan-an. Ẹ fo ìlà àkọ́kọ́, ẹ wo òpó "si" àti "so", ìyẹn ohun tó ń ti swap bọ̀ àti ohun tó ń lọ síbẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí méjèèjì bá jẹ́ òdo, ọjà inú swap kàn jókòó jẹ́ẹ́ ni. Bí wọ́n bá ń yọ iye ńlá láìdáwọ́ dúró, àtẹ ti kún nìyẹn.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ẹni tó kún un. Àṣẹ náà ni grep VmSwap /proc/[0-9]*/status. Ìrọ̀rùn wà nínú irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ tó ń jẹ́ smem, tí Matt Mackall ṣe. Ó máa ń to Pss àti swap process kọ̀ọ̀kan síwájú èèyàn, àmọ́ àṣẹ ọ̀gá kọ̀ǹpútà, tí wọ́n ń pè ní root, ni kí wọ́n fi lò ó kó lè rí gbogbo wọn. Kí wọ́n kọ iye náà sílẹ̀ láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, fún ọjọ́ mélòó kan.

Bí iye process kan bá ń gòkè lójoojúmọ́ tí kò wálẹ̀ rí, prógíráàmù náà ló ń jò, ẹni tó ṣe é ni kí ẹ pè. Bí iná kò bá tán lórí, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná. Mẹ́mọ́rì tuntun kàn máa sún ọjọ́ ìṣòro síwájú ni. Bó bá jẹ́ pé process kékeré púpọ̀ ni wọ́n ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, kí wọ́n dín iye wọn kù. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń jẹ ìwọ̀n tó yẹ, tí "available" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí "si" àti "so" kò sinmi, ẹ lọ ra mẹ́mọ́rì. Owó yẹn kò ṣòfò.

Ẹni tí kò bá yẹ̀ ẹ́ wò lè pàdánù ju owó mẹ́mọ́rì lọ. Bí RAM àti swap bá tán pátápátá, kernel á yan process kan pa kí ìyókù lè mí. Ohun tí process kọ̀ọ̀kan ń jẹ nínú RAM àti nínú swap ló fi ń yàn, èyí tó tóbi jù ló sì sábà máa ń lọ. Lórí sáfà oníṣòwò, dátábéèsì tí àkọsílẹ̀ ọjà àti gbèsè oníbàárà wà nínú ẹ̀ lè jẹ́ èyí tó tóbi jù yẹn, ó sì lè kú lójijì nígbà tí ọjà ń lọ lọ́wọ́. Bí prógíráàmù yín bá ti ń ṣàdédé kú láìsọ ìdí, ẹ ní kí wọ́n tẹ dmesg, kí wọ́n wá ibi tí wọ́n kọ "Out of memory" sí. Bí wọ́n bá rí i níbẹ̀, orúkọ àti nọ́ńbà process tí kernel pa á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò, kí ẹ tó fa owó yọ.